Ṣé kí olùkọ́ kéde fún gbogbo iléèwé pé ọmọ mi ní ọ́tísíìmù?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 13, ó wà ní JSS 2 níléèwé aládàáni kan n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ó ní ọ́tísíìmù (autism), ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀wé. Orúkọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà àti olú-ìlú wọn wà lórí rẹ̀. Ọmọ 42 ni wọ́n wà ní kíláàsì. Wọn kì í lù ú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó tì í àyàfi tí tíṣà bá fipá mú un. “Rọ́bọ́ọ̀tì” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń rán an kó lọ sọ ìsọkúsọ fún tíṣà, yóò sì lọ sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú WhatsApp kíláàsì. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó wá ní òun fẹ́ mú un jáde ní àsẹ́ńbílì kí òun ṣàlàyé irú ọmọ tó jẹ́, kí gbogbo iléèwé lè máa fìfẹ́ hàn sí i. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní “ọmọ wèrè” ni wọn yóò máa pè é títí tí yóò fi jáde. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdúró ti ọmọ, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú un jáde ní àsẹ́ńbílì. Ẹ̀rù tó ń ba bàbá rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ pátápátá, torí àwọn ọmọ kíláàsì ti rí i tipẹ́ pé ó yàtọ̀. Àlàyé ni wọn kò rí gbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ yẹ̀yẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ohun tó máa ń yí ìwà àwọn ọ̀dọ́langba padà sí ọmọ bíi tiyín ni iṣẹ́ àjọṣe: ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà tí olùkọ́ fara balẹ̀ yàn, tí àwọn àti ọmọ yín jọ ń ṣe ohun gidi kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún táàmù kan. Bí ọ̀rọ̀ ìṣítí bá bá iṣẹ́ yẹn rìn, ó wúlò. Bó bá dá wà, gbogbo kíláàsì á pàtẹ́wọ́ fún tíṣà, nígbà tó bá sì di àkókò bíréèkì, ọmọ yín á tún dá jókòó.

Ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ kò sọ bóyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ní ọ́tísíìmù. Bí kò bá mọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ṣáájú yín. Ọmọ ọdún 13 ti mọ̀ pé nǹkan kan mú òun yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òun. Tí kò bá rí ẹni ṣàlàyé fún un, ohun tó sábà máa ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun ya dìndìnrìn tàbí pé òun burú. Ẹ bá a sọ ọ́ nílé lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ó lè padà wá béèrè nígbàkigbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó rọrùn fún un, irú bó ṣe ń rántí orúkọ 774 láìwo ìwé. Ẹ wá dé orí ohun tó nira fún un: ariwo, àwàdà, mímọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń bá òun ṣeré àti ẹni tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ fún un ní bébà kan, kó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ kíláàsì mi mọ̀ nípa mi, ohun tí n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ irú rẹ̀ máa ń kọ ohun tí àgbàlagbà kò lè ronú kàn. Ọ̀kan lè kọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ gbá òun lẹ́yìn lójijì, òmíràn lè kọ pé kí wọ́n má gbé rúlà òun láìbéèrè. Bébà yẹn ni àṣẹ tí olùkọ́ ní. Ohun tí ọmọ kò bá fi síbẹ̀, kí olùkọ́ má sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ó gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ariwo àti àwàdà, kó má sì gbà kí wọ́n dárúkọ ọ́tísíìmù rárá. Kò burú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí ṣì ṣeé ṣe láìdárúkọ rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń yà fún un

Kì í ṣe ìkà ló wà nínú gbogbo àwọn ọmọ 41 tó kù. Ní ọdún 2017, Noah Sasson ti Yunifásítì Texas tó wà ní Dallas àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tí kò ní ọ́tísíìmù wo fídíò ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tàbí kí wọ́n gbọ́ ohùn àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in, láìsọ fún wọn èwo ni èwo. Kíá ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ bá àwọn tó ní ọ́tísíìmù sọ̀rọ̀ tàbí jókòó tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yìí sọ sórí bébà láìsí ohùn tàbí àwòrán, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Ohùn, ojú, ìṣesí ara àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń jáde ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yàgò. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni náà kò ní àbùkù kankan lójú wọn.

Èyí ṣe pàtàkì fún ohun tí ẹ máa ṣe. Bí ìdájọ́ bá ti ń wáyé kí ọmọ tó parí gbólóhùn kan, a kò lè fi í sílẹ̀ kó lọ wá ọ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ ní pápá bíréèkì níbi tí gbogbo nǹkan ti ń yára lọ. Iṣẹ́ tó ní bébà, àwòrán àti ipa tí wọ́n ti pín ló máa jẹ́ kí wọ́n bá ohun tó mọ̀ pàdé kí wọ́n tó bá ìṣesí rẹ̀ pàdé.

Ẹ sì jẹ́ ká gbà pé ọ̀nà méjì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ń gbà. Damian Milton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ní ọ́tísíìmù, ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní ọdún 2012: bó ṣe ṣòro fún ẹni tó ní ọ́tísíìmù láti mọ inú àwọn yòókù ló ṣe ṣòro fún àwọn yòókù láti mọ inú tirẹ̀. Ní 2020, Catherine Crompton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland dán an wò. Wọ́n to èèyàn 8 sí ìlà kan, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ìtàn kan, ó sọ ọ́ fún ìkejì, títí dé orí ìkẹjọ. Ìlà tí gbogbo wọn ní ọ́tísíìmù gbé ìtàn náà débẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ìlà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní in. Ìlà tí wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀ sí ni ìtàn ti sọnù jù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ kọ́ ọmọ yín kó máa ṣe bí àwọn yòókù, ìdajì iṣẹ́ ló gbé lé yín lọ́wọ́.

Ní ìlú òyìnbó, ohun tí wọ́n sábà kọ́kọ́ ń tọ́ka sí ni pé ọmọ kì í wo ojú èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn kì í tètè hàn, ọmọ tó ń wo àgbà lójú kòró la máa ń bá wí. Ibòmíràn ló ti ń hàn níbí. Á kọjá lára àwọn SS 3 láìkí wọn, wọn á ní ó ń gbéra ga. Tíṣà á ṣe àṣìṣe lójú bọ́ọ̀dù, á dìde láàárín kíláàsì pé “Sà, ẹ ti ṣì í.” Wọ́n á pàṣamọ̀, á mú un bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Èyí tó ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ jù lójú ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ òfin: bí tíṣà bá béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé wọ́n bi í, òótọ́ sì ni. Láàárín ọmọ ọdún 13, ẹni tó bá ń tú àṣírí ẹgbẹ́ fún tíṣà ti di olófòófó, ó sì lè gbé orúkọ yẹn dé SS 3.

Ẹ wádìí nípa ìwé orúkọ àwọn aláriwo. Àwọn tíṣà fẹ́ràn láti gbé e fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí kò ní yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ló ń kọ ọ́, kí olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kó má sì bi í mọ́ láé pé ta ló pariwo. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́ ọ nílé pé ohun tó lè pa èèyàn lára ló gbọ́dọ̀ sọ láìdúró: ìjà, ọ̀bẹ, àìsàn, ẹni tó fọwọ́ kan ara ẹlòmíì níbi tí kò yẹ. Fún ìyókù, gbólóhùn kan tó: “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n fúnra wọn.” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ohun tó bá wà lákọsílẹ̀ yé e ju èyí tí ẹ fẹnu sọ lọ.

Yíyan àwọn ọmọ náà

Ẹ má gba ohun tí ọmọ kíláàsì bá fẹnu sọ gbọ́ jù. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́langba bóyá ó lè jókòó ti ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn rere ló mọ̀ pé àgbàlagbà ń wá. Bó bá wá kan kó pè é wá sílé tàbí kó rìn pẹ̀lú rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ míì. Torí náà, kí olùkọ́ fún gbogbo ọmọ 42 ní ìdajì bébà, kí kálukú kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó wù ú kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kó má béèrè ẹni tí wọn kò fẹ́ rárá, torí ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ ń dá ìkórìíra sílẹ̀. Yóò ní orúkọ 126 lọ́wọ́. Kó wo nǹkan mẹ́ta níbẹ̀: ta ni ọmọ yín kọ, ta ló kọ orúkọ ọmọ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, àti àwọn wo ni orúkọ wọn wá láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ọ̀wọ́ ọ̀rẹ́. Kó tọ́jú bébà náà síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kà á.

Inú àwọn wọ̀nyí ni kó ti yan mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ń tólẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó mọ̀wé jù. Kí ọ̀kan fẹ́ràn ohun tí ọmọ yín fẹ́ràn. Kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń jókòó nítòsí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó kìkì àwọn ọmọbìnrin onínúure jọ, àwọn ni wọ́n sábà ń gbé ẹrù yìí lé lórí, ó sì máa ń sú wọn láàárín oṣù kan. Ẹ má yan olórí àwọn tó ń pè é ní rọ́bọ́ọ̀tì pẹ̀lú ìrètí pé yóò yí padà. Kí olùkọ́ bi kálukú níkọ̀kọ̀, kẹ́ni tó bá ní òun kò fẹ́ máa lọ láìsí ìbínú. Kó pè é ní ẹgbẹ́ iṣẹ́ kíláàsì, torí bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́. Bó bá délé pé “ẹgbẹ́ tó ń ran ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé lọ́wọ́” ni, òbí kan máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má sún mọ́ ọn, kó má baà ràn án.

Kí ni wọn yóò ṣe? Ohun tí ọmọ yín mọ̀ ti fún yín lésì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, 11 nínú rẹ̀ ló wà n'Íbàdàn. Kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ńlá kan sórí káádíbọ́ọ̀dù fún ògiri kíláàsì: ẹnì kan á fa ààlà, ẹnì kan á kùn ún, ẹnì kan á kọ orúkọ, ọmọ yín á yẹ gbogbo orúkọ àti olú-ìlú wò, ẹnì kan á dúró níwájú kíláàsì ṣàlàyé rẹ̀. Kí wọ́n kọ ipa kálukú sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti ọdún 1954 pé kí ìpàdé àwọn tí kò mọra tó dín ìkórìíra kù, wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n ní àfojúsùn kan náà, kí ọ̀kan má lè ṣe é láìsí èkejì, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó máa ń yingin jù níléèwé wa ni ìdọ́gba. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àánú ni wọ́n kọ́ níbẹ̀, èèyàn kì í sì í pe ẹni tó ń káàánú fún wá síbi ayẹyẹ ọjọ́ìbí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 25 tó, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní bíréèkì gígùn, ọjọ́ kan náà àti yàrá kan náà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 ni kí wọ́n fi ṣe é, kí ìdánwò tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí olùkọ́ tàbí olùdámọ̀ràn iléèwé wà nínú yàrá ṣùgbọ́n kó jókòó sí igun kan máa ṣàmì ìwé. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kó máa jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Àgbàlagbà tó bá dúró gbagidi ti ọmọ ọ́tísíìmù ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jìnnà láìmọ̀. Kò sí ọ̀dọ́langba tó fẹ́ ṣeré níṣojú tíṣà.

Láàárín àkókò yìí, olùkọ́ máa kọ́ àwọn ọmọ yòókù ní nǹkan díẹ̀: kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró kó fèsì. Kíkọ́ ẹgbẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Connie Kasari àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles fi ọmọ 60 ṣe ìdánwò ní ọdún 2012 láwọn iléèwé gbogbogbòò. Wọ́n fi kíkọ́ ọmọ ọ́tísíìmù nìkan wéra pẹ̀lú kíkọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ló so ọmọ náà mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jù. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ọ̀dọ́langba sì le ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lo táàmù kan gbáko.

Bí wọ́n bá ti parí àwòrán ilẹ̀ náà, kí iṣẹ́ kejì jẹ́ ohun tí ẹlòmíì nínú wọn mọ̀ ju ọmọ yín lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n máa ń bi ní nǹkan tí wọ́n bá nílò rẹ̀, tí wọ́n á sì gbàgbé nígbà tí wọn kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ tún ṣọ́ ọmọ tó bá ti ń bá a gbé báàgì tàbí tó ń fèsì ní ipò rẹ̀. Inúrere ni, ṣùgbọ́n ìyá ló fẹ́ dà, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kí olùkọ́ fún un ní iṣẹ́ míì.

Ohun tí olùkọ́ máa sọ

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kó bá ẹgbẹ́ kékeré yẹn sọ̀rọ̀, bí ọmọ yín bá gbà. Kó bi ọmọ yín bóyá ó fẹ́ wà níbẹ̀ tàbí kó lọ sí láíbìrì. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ fún gbogbo kíláàsì lẹ́yìn náà, inú ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti ìmọ̀lára ni kó ti wáyé. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Ní ọdún 2004, Jonathan Campbell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé kéèyàn kàn ṣàpèjúwe ohun tí ọmọ náà ń ṣe kò tó. Nígbà tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ kún un, pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni àti pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ojú tí àwọn ọmọ fi wò ó dára sí i. Kí olùkọ́ sọ ọ́ báyìí:

“Ọpọlọ èèyàn kì í ṣiṣẹ́ bákan náà. Irú ti ẹgbẹ́ yín yìí ni wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ariwo ń dun etí rẹ̀ ju tiyín lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń di etí tí agogo bá lù. Bí ẹ bá bá a ṣàwàdà, ẹ sọ fún un pé àwàdà ni. Bí ẹ bá bi í ní nǹkan, ẹ ka ení dé àrún nínú yín kí ẹ tó tún béèrè. Ó fẹ́ràn àwòrán ilẹ̀ bí ẹlòmíì nínú yín ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kò fẹ́ kí ẹ máa pè é ní rọ́bọ́ọ̀tì.”

Kó má sọ pé “ẹ ṣàánú rẹ̀.” Kó má sọ pé “kì í ṣe wèrè,” torí ẹni tí kò rò ó tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kó má fi Bíbélì tàbí Kùránì halẹ̀ mọ́ wọn.

Wọn yóò béèrè ìbéèrè, kó dáhùn wọn tààrà. Ṣé ó ń ranni? Rárá. Ṣé ẹ̀mí tàbí èpè ni? Rárá, bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà láti inú oyún ni, ohun tí a jogún sì kó ipa ńlá níbẹ̀. Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á? Rárá. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1998 fagi lé e ní 2010. Ṣé oògùn wà tó ń mú un kúrò? Kò sí. Ṣé òun nìkan ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ẹnì kan nínú nǹkan bí èèyàn 127 ló ní in lágbàáyé. Iléèwé tó ní ọmọ 600 lè ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn láìmọ̀, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ara pamọ́ sáàárín ẹgbẹ́.

Iṣẹ́ ìsọkúsọ, pàṣán àti WhatsApp

Rírán tí wọ́n ń rán an sí tíṣà kì í ṣe eré, ìfìyàjẹni ni, kí iléèwé sì mú un bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọmọ yín ní òfin kan tó rọrùn: ẹnikẹ́ni tó bá rán òun sí tíṣà gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà, kó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, òun kò lọ. Kí gbogbo tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì yẹn mọ òfin náà, kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ níyà fún ohun tí ẹlòmíì rán an.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí wọ́n na gbogbo kíláàsì nítorí rẹ̀. Pàṣán tó bá bá ọmọ 41 lára nítorí ọmọ kan, ọmọ kan yẹn ni wọ́n máa gba ẹ̀san rẹ̀ lára rẹ̀, níbi tí tíṣà kò ti ní rí wọn. Kí wọ́n pe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níkọ̀kọ̀, kí wọ́n sọ ohun tó ṣe ní pàtó, kí wọ́n fún un ní ìjìyà tó bá a mu, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rín wọn ló ń gbé e ró.

Ní ti WhatsApp, ẹ má fipá dá a padà síbẹ̀. Ọmọ tí òbí fipá gbà wọlé, wọn á dá ẹgbẹ́ míì sílẹ̀ láìsí i. Ẹ béèrè pé kí iléèwé ya ibi tí iṣẹ́ àṣetiléwá ń gbà wọlé sọ́tọ̀, kí tíṣà jẹ́ alákòóso rẹ̀, kí gbogbo ọmọ wà níbẹ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ti ìtàkúrọ̀sọ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ iṣẹ́ kékeré yẹn: àwọn márùn-ún sí méje lè ní tiwọn, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á sì ṣeé bá lọ fún un. Bí wọ́n bá ti ya fídíò rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ mú un tọ ọ̀gá iléèwé lọ pẹ̀lú lẹ́tà, kì í ṣe ẹnu lásán.

Bí iléèwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé kí ẹ wá ibòmíì mú un lọ, òfin àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 (Discrimination Against Persons with Disabilities (Prohibition) Act) ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀. Owó ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe é jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ dárúkọ òfin náà nínú lẹ́tà nìkan bí ó bá di dandan. Olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ yín wúlò fún yín ju ẹjọ́ lọ, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ohun tí ẹ lè retí

Ẹ má wá ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 10. Àmì tó yẹ kí ẹ máa wò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnì kan fi àyè sílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé tíṣà sọ ọ́, ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà béèrè. Ní òpin táàmù, kí olùkọ́ tún pín bébà orúkọ mẹ́ta yẹn. Bí ọmọ yín àti ẹnì kan ṣoṣo bá kọ orúkọ ara wọn, iṣẹ́ náà ti mú èso jáde. Bí kò bá sí ìyípadà kankan, ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ tàbí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹ pààrọ̀.

Ẹ tún bi í nípa irú bíréèkì tó wù ú. Àwọn ọmọ kan nílò ìdajì bíréèkì láti dá wà níbi tí kò sí ariwo, kí ara wọn tó lè gba ìdajì kejì. Dídá wà tó wù ú kì í ṣe ìyà. Fún ìdajì kejì, páálí lúdò tàbí ọpọ́n ayò dára ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, torí gbogbo èèyàn mọ ìgbà tó kan òun.

Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹun mọ́, bí kò bá sùn, bí inú bá ń run ún ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tàbí bó bá sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ dá gbogbo ètò yìí dúró kí ẹ mú un lọ rí dókítà àwọn ọmọdé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́langba tó ní ọ́tísíìmù ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Èyí tó bá ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níléèwé tó sì ń bú sẹ́kún ní gbàrà tó bá délé, ó ti fi gbogbo ọjọ́ fi ara rẹ̀ pamọ́ ni.

Bó bá di JSS 3, olùkọ́ kíláàsì máa yí padà, gbogbo ohun tí eléyìí mọ̀ sì lè bá a lọ. Kí ẹ̀yin, ọmọ yín àti olùkọ́ yìí jọ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú rẹ̀, kí meji nínú wọn lè wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ibi tó ń jókòó, òfin bébà fún iṣẹ́ rírán, pé kí wọ́n má fún un ní ìwé orúkọ aláriwo, àti ohun tó gbà kí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Kí ọmọ yín ka á, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fún olùkọ́ tuntun ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní.